Ìtàn Ariwo Kíkùn Lára Gìtá Oníná

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí àwọn onígìtá ṣe ń bá ariwo tó ń kùn hùùù nínú áńpílífáyà jà láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa kà kò ní bára mu. Àwọn kan ní Seth Lover ló parí ìjà náà, àwọn mìíràn ní Ray Butts ni. Àwọn atúnnáṣe ní tiwọn, wáyà ẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n mọ̀. Ohun tó fa ìyapa yìí ni pé ariwo méjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan. Èkíní ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ píkọ́ọ̀pù gìtá. Èkejì ń gba wáyà iná àti wáyà tó so àwọn pẹ́dàlì pọ̀ wọlé. Oògùn èkíní kò ran èkejì.

Èkíní lọ́jọ́ lórí. Nígbà tí George Beauchamp ṣe gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Rickenbacker gbé jáde ní Los Angeles, tó sì gba páténtì rẹ̀ ní 1937, ohun tó ń gbé orin níbẹ̀, ìyẹn píkọ́ọ̀pù, kò ju òòfà àti wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé láìmọye ìgbà lọ. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn gìtá tó ń gbọ̀n àti tìráńsífọ́mà tó wà nítòsí. Agbára òòfà èyíkéyìí tó bá ń yí padà ló ń gbé. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Nàìjíríà àti Yúróòpù jẹ́ 50. Ẹni tó létí orin á gbọ́ ọ pé ti wa sún mọ́ G ìsàlẹ̀ gan-an (49), ti Amẹ́ríkà sì há sáàárín B flat àti B. Fún ọdún púpọ̀, kí olórin yíjú síbòmíràn títí ariwo á fi rọlẹ̀ ni oògùn tó wọ́pọ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù la dé yìí. Ọgbọ́n tó ń pa ariwo píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ kò le: ẹ wé wáyà méjì, kí èkejì yí lódì sí ti àkọ́kọ́, kí òòfà wọn náà sì dojú kọ òdìkejì ara wọn. Ariwo inú afẹ́fẹ́ á wọ inú méjèèjì, tọ̀hún á pa tìhín rẹ́. Ohùn okùn gìtá ní tirẹ̀ á ròpọ̀. Lover, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ní Kalamazoo, fi ìwé béèrè páténtì ní June 22, 1955. Butts, tó ń ta ohun èlò orin ní ìlú Cairo ní Illinois, kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí di January 1957. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ gbàwé, ní June 30, 1959. Ti Lover jáde ní July 28 ọdún kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn Butts á rán wa létí pé ó ti ṣe ọ̀kan fún onígìtá Chet Atkins ní nǹkan bí 1954. Mi ò rídìí tí mo fi máa jiyàn ìyẹn. Ní tèmi, Butts ló jọ pé ó kọ́kọ́ ṣe é, Lover ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì: Armand Knoblaugh ti gba páténtì lórí irú rẹ̀ ní 1938, fún ilé iṣẹ́ dùùrù Baldwin.

  

Pẹ́dàlì, àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà, ló gbé ariwo kejì dé. Maestro Fuzz-Tone ti 1962 ń lo bátìrì, nítorí náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pẹ́dàlì pọ̀ nílẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Boss gbé àwọn kékeré tirẹ̀ jáde ní 1977, tí àwọn olórin sì ń fi adáptà kan ṣoṣo bọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Wáyà gìtá ti so ẹ́ẹ̀tì pẹ́dàlì méjì pọ̀ tẹ́lẹ̀; wáyà adáptà tún wá so wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà méjì yẹn di òrùka, òrùka náà sì di píkọ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni kò rà. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn tí gìtá kan bá wọ áńpílífáyà méjì tí kálukú wọn ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Adáptà tó ya iná pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tàbí tìráńsífọ́mà kékeré láàárín áńpílífáyà méjèèjì, ló ń já òrùka náà.

Àwọn kan rí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ: wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Ariwo á dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Leslie Harvey, onígìtá Stone the Crows, kú lórí ìtàgé ní Swansea ní May 1972, nígbà tó di gìtá mú tó sì fọwọ́ kan máíkì tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò pé. Keith Relf tó ti kọrin fún Yardbirds náà kú nílé rẹ̀ ní 1976, gìtá lọ́wọ́. Ìwé tó bá ní kí ẹ gé ẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á dé.

Ariwo kejì yìí lè wá láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ní June 1995, nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ Audio Engineering Society, Neil Muncy fi hàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń kùn nítorí pé olùṣe wọn so ìbòrí wáyà mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ dípò àpótí irin.  Ìlànà AES48 tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé e ní 2005.

Mímọ ariwo kan yàtọ̀ sí èkejì kò gba ohun èlò. Ẹ yí fólúùmù gìtá wálẹ̀ pátápátá: bí kíkùn bá dákẹ́, píkọ́ọ̀pù ni. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ adáptà, kí ẹ fi bátìrì sí pẹ́dàlì kan lẹ́ẹ̀kan, títí ẹ ó fi kan èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tí kò ní ẹ́ẹ̀tì gidi ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Atúnnáṣe ló ń bójú tó ìyẹn, kì í ṣe onígìtá.

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, adáptà fífúyẹ́ àti pẹ́dàlì tó ní kọ̀ǹpútà nínú ti mú ariwo mìíràn wá, tó ń fọn tín-ín-rín dípò kó kùn. Oògùn rẹ̀ náà ni yíya iná sọ́tọ̀. Ní ti ariwo àkọ́kọ́, píkọ́ọ̀pù oníwáyà méjì tó gun ara wọn lórí pọ̀ lọ́jà báyìí.