Èésú, Ìwọ̀fà àti Owó Òwò Àkọ́kọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún

Ìtàn ogun àti oyè la máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ìgbómìnà. A mọ̀ pé Ìlá wà nínú Ẹkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893). A mọ Ọ̀ràngún ti Ìlá, a mọ Ọ̀ràngún ti Òkè-Ìlá, àríyànjiyàn lórí àwọn méjèèjì kì í sì í tán lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi wá pé báwo ni obìnrin tí kò jogún nǹkan kan ṣe rí owó ra kẹ́ẹ̀gì epo àkọ́kọ́ tó gbé lọ sí ọjà, ọ̀pọ̀ wa yóò dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, inú ilé wa ni ìdáhùn náà wà. Púpọ̀ nínú àwa tí a pawọ́ pọ̀ kọ èyí ló jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ìyá wa kó èésú la san owó ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya èésú sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ, torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà. Nínú àjọ, alájọ ló ń wá gba owó lójoojúmọ́, tó ń sàmì sí káàdì, tó sì ń kó owó náà fún onílé lópin oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ara ẹni lásán lèèyàn gbà padà, bí alájọ kò bá tíì sá lọ. (Gbogbo wọn kọ́ ló dà bí Alájọ Ṣómólú.) Ti èésú yàtọ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnìkan ni yóò kó ₦50,000 lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Àwọn àgbà ní èésú kò lérè, iye tí a bá dá la ó kó. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó kó o lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ti di ₦45,000 owó ẹlòmíràn mú, kò sì ní san èlé kankan lórí rẹ̀. Agbára èésú wà níbẹ̀, ewu rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Alùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa èsúsú, bó ṣe pè é. Ó ní ó kárí ilẹ̀ Yorùbá, ó ní òfin tirẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tó gba owó gọbọi. Ọ̀rọ̀ owó gọbọi yẹn ló dá wa dúró. Láyé owó ẹyọ, 2,000 ni ẹgbàá, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù orí ènìyàn. Ẹni tó ń fi ẹyọ díẹ̀ díẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò, àlejò kan, àìsàn kan, òkú àna kan, owó ti tán.

Kí ló wá kù fún ẹni tí kò sí nínú èésú? Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó yá owó yóò fi ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó kò dín gbèsè kù rárá. Èlé lásán ni. Bí a kò bá san ojú owó tán, ìwọ̀fà kò bọ́. Àwọn ọmọ kan bẹ́ẹ̀ dàgbà sílé olówó. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tún wá dá kún un, torí ẹni tí ogun kó, owó ni wọ́n fi ń rà á padà, owó ìràpadà náà sì ń sọ odidi ìdílé di onígbèsè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan nínú kíláàsì wa pe èésú ní eré àwọn ìyá ọjà, inú wa kò dùn. Lójú tiwa, òun ló dúró láàárín ọmọ tálákà àti oko olówó.

Ìjọba òyìnbó fòpin sí ìwọ̀fà díẹ̀díẹ̀, kò fòpin sí àìní owó gọbọi. Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ọ̀fà ní 1908. Ṣílè rọ́pò ẹyọ, owó orí di dandan. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èésú ní 1952. Ohun tó wù wá jù nínú rẹ̀ ni àlàyé nípa ẹgbẹ́ ńlá tí olórí kò lè mọ gbogbo ènìyàn inú rẹ̀: àwọn mìíràn lábẹ́ olórí ló ń kó àwọn tí wọ́n mọ̀ wọlé, wọ́n sì ń dáhùn fún wọn. Bí ẹni tí mo mú wá bá jẹ owó, èmi ni wọn yóò wá bá nílé.

Kódà àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gbàgbé rẹ̀. Ní Freetown, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sí lẹ́yìn 1807, osusu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Susu ni ní Trinidad.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Lẹ́yìn àbọ̀ ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù. Ní 1953 wọ́n dá báǹkì alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1989 ìjọba ológun dá People's Bank sílẹ̀ láti yá àwọn tí kò ní ohun ìdúró lówó, Tai Solarin sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2000 wọ́n pa báǹkì náà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, alájẹṣẹ́kù ló ṣì wà káàkiri, a kò sì rò pé èèṣì ni. Owó aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Owó tó bá ti ọwọ́ ìjọba wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìpín tiwọn ni nínú owó epo rọ̀bì, ta ni yóò wá dá a padà? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aláàánú CARE fẹ́ ran àwọn obìnrin Maradi lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè Niger ní 1991, orí irú àkójọ owó tí àwọn obìnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ètò wọn lé, ètò náà sì ti tàn ká Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹ rò pé èésú gba gbogbo ènìyàn. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mẹ́ta nínú wa jókòó ti ẹgbẹ́ èésú àwọn obìnrin kan ní Ìlá, àwọn tó ń ta epo, gààrí àti ẹja. Opó kan tó ń dín àkàrà fẹ́ wọlé, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró fún un. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn dákẹ́, àwa náà ń wo ilẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò dúró fún un ni tálákà gan-an, òun náà sì ni èésú máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn. A rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé: kì í ṣe láti pín owó fún ẹgbẹ́, bí kò ṣe láti dúró fún ẹni tí kò ní onídùúró.

Ìyá olórí ẹgbẹ́ ló wá yanjú rẹ̀. Ó ní òun yóò pín ọwọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀: kí opó náà máa dá ₦2,500, kí òun máa dá ₦2,500, bí kò bá rí tirẹ̀ mú wá, kí wọ́n wá bá òun. Àmọ́ kò ní kọ́kọ́ kó. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló kàn wọ́n. Agbada tuntun ló ní òun fẹ́ rà, kí òun sì fi ìyókù ra ẹ̀wà.