Sítáǹdì Ẹ̀rọ ní Múṣín: Ìtàn Irin Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ẹ̀rọ fáílìnì tí àwọn ṣúmékà fi ń fá etí bàtà ní Múṣín, ní Èkó, kò ju mọ́tọ̀ ẹlẹ́tíríìkì kan, irin gbọọrọ tó ń yí, òkúta ìlọrin àti rọ́bà tí a lẹ sáńpépà mọ́ lára. Sítáǹdì ló sọ gbogbo wọn di ẹ̀rọ: irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ga dé ìbàdí, tí wọ́n jókòó lé lórí. Wọn kì í kó sítáǹdì yìí wá láti òkè òkun. Wẹ́dà àdúgbò ló ń jó o, irin àlòkù ló sì sábà máa ń lò. Ìwé ìtàn Èkó kì í sábà dárúkọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ohun ńláńlá ló bí i: rélùwéè, ètò ilé ìjọba, àti náírà tó já.

Ẹ̀rọ tí a bá fi ọwọ́ gbé, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ etí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kò ṣeé fi ọwọ́ kan fá. Ọwọ́ kan á di gìgísẹ̀ mú, èkejì á di imú bàtà, a ó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ níwájú sáńpépà kí ó má baà jẹ awọ òkè. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́gbé pàápàá mọ ìṣòro yìí. Ilé-iṣẹ́ Fein ní Stuttgart, ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ ìdáhòlu àfọwọ́gbé tó ń lo iná ní 1895. Albert Dremel dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní 1932. Ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lè yí tó ìgbà 35,000 ní ìṣẹ́jú kan lónìí, lọ́tọ̀ ni wọ́n sì ń ta sítáǹdì rẹ̀. Eré bẹ́ẹ̀ dára fún alágbẹ̀dẹ wúrà àti ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Rọ́bà bàtà kò lè gbà á. Yíyọ́ ni yóò yọ́. Mọ́tọ̀ tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ló bá bàtà mu, mọ́tọ̀ náà sì wúwo ju ohun tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ ṣiṣẹ́. Bí sítáǹdì ṣe di dandan nìyẹn.

Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ ló ni iṣẹ́ irin nílẹ̀ Yorùbá. Ewìrì, owú àti ẹmú ni irinṣẹ́ rẹ̀, agbára apá ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ojú irin láti Ìdó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé-iṣẹ́ àtúnṣe rélùwéè tó wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí ẹ̀rọ tí a fi bóòtù de mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ń lò ó á gbé iṣẹ́ wá bá a. Ohun tó ń mì kò lè gẹ irin kó dọ́gba: ẹ̀kọ́ yìí ni ọmọ iṣẹ́ rélùwéè gbé jáde nígbà tó bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Yàbá ní 1947, èyí tó di Yabatech, tún fi ìwé kún un. Síbẹ̀ abẹ́ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ iṣẹ́, títí wọ́n fi gba fírídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ìdásílẹ̀ ọmọ iṣẹ́.

Àyè iṣẹ́ ni ìṣòro tó tẹ̀ lé e. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú Èkó sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń kó ràn ti pa èèyàn púpọ̀. Láti 1955, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ fún wọn níbẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ń ta ọjà níwájú ilé bàbá rẹ̀ pàdánù oníbàárà, àdánù ńlá sì ni. Múṣín yàtọ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, òfin ilé tó de àárín ìlú kò dé ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó ilé kò wọ́n, ojúde ilé sì lè di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ta awọ àti ohun èlò bàtà fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Ládípọ̀ sì wà nítòsí, níbi tí bẹ́ríǹnì, púlì àti fáńbẹ́ẹ̀tì kò ti ṣòro rí.

Jíjá náírà ló wá parí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà tuntun fún owó ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó fi di 1990, nǹkan bíi náírà 8 ni dọ́là kan. Ẹ̀rọ ìparí bàtà tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù kúrò ní ohun tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù lè máa fojú sùn. Mọ́tọ̀ àlòkù àti irin kóńdẹ̀mù ló kù.

Áńgù áyánù ni wẹ́dà fi ń ṣe ẹsẹ̀, ara béèdì onírin tó ti gbó sì ni ó ti lè gé e. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a ṣí díẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Irin ìdábùú á so wọ́n pọ̀ nítòsí ilẹ̀; orí ìdábùú yìí ni mọ́tọ̀ máa ń jókòó sí bí ó bá ń lo bẹ́líìtì, kí ìwúwo rẹ̀ lè fà á mọ́lẹ̀. Lókè ni bẹ́ríǹnì méjì wà tí irin tó ń yí gba inú wọn kọjá. Ibi tí a ti ń dá ọ̀gá mọ̀ ni ihò bóòtù mọ́tọ̀: ọ̀gá kì í lu ú roboto, gígùn ni ó ń gé e, kí a lè fa mọ́tọ̀ sẹ́yìn nígbà tí bẹ́líìtì bá dẹ̀. Tí púlì méjèèjì kò bá dojú kọra gan-an, bẹ́líìtì á máa yọ, á sì tètè já. Ẹ̀já táyà ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ láti pa ìmì rẹ̀.

Wẹ́dà náà ń ṣe sítáǹdì fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìgérin àfọwọ́gbé tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń dè mọ́ apá irin tó ní ìdè bíi ti ilẹ̀kùn, tí sípíríńgì ọ̀kadà ń fà sókè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á gé páìpù tààrà. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò yẹ ká fojú fò. Ọ̀pọ̀ ń yọ ìbòrí abẹ kí ó lè wọ sítáǹdì, abẹ tó bá fọ́ nígbà náà ń fò lọ sí ojú. Ìbòrí tí a fi páànù nípọn jó mọ́ sítáǹdì, gíláàsì ojú àti súìṣì tí ọwọ́ tètè tó kò gba owó púpọ̀. Ó yẹ kí ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣúmékà tí kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀ ń gbé bàtà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní, a sì sanwó lórí bàtà kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ, owó epo jẹnẹrétọ̀ á wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọrin orí tábìlì láti Ṣáínà ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tábìlì ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ òró ni ọ̀pọ̀ ṣúmékà ń dúró fá bàtà. Ẹni tó bá rà á ṣì ń gbé e lọ bá wẹ́dà, kí ó jó ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i lábẹ́.