Ta Ló Kọ́kọ́ Fi Ọ̀gá Sílẹ̀?

Ní Iléyá kan tí kò tíì pẹ́, a jókòó sí pálọ̀ bàbá mi kékeré ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹran pọ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì ń yẹ aṣọ ẹgbẹ́ wò nítorí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àfi bí ọmọ bàbá tó ń gbé l'Ékòó ṣe la ẹnu pé òun tún ti kọ ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọdún márùn-ún.

Bàbá gbé àwo ẹran sílẹ̀. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá ọ̀gá kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ìdí yín kì í gbé ibì kan."

Ọmọ ní: "Ẹ má bínú, Bàbá. Lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n náà, kí ni wọ́n fún yín?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Gbogbo wa ṣáà wo aago ara ògiri tí kọ́ńpáńnì náà fi dágbére fún wọn. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, torí àgbà kì í dá sí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ níwájú ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, iṣẹ́ olówó oṣù kọ́ ni àwọn baba wa mọ̀. Bí oko bá wọ ènìyàn lọ́rùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bá a ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Bó bá ṣe ilé kíkọ́ tàbí oko àna, a bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá sì yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yìí ló yẹ kí á wò dáadáa. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé owó náà. Bó ti wù kó pẹ́ tó lóko, ojú owó kì í dín. Síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n yin ìwọ̀fà nítorí pé ó pẹ́ lọ́dọ̀ olówó. Gbogbo ayé mọ̀ pé gbèsè ló dè é mọ́bẹ̀.

Iṣẹ́ ọba wá dé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi di 1901, rélùwéè ti ń ná Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kì í dá ọ̀gá lóhùn, kó gbọ́ èyí: ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn lébìrà P.W.D. l'Ékòó da irinṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Gómìnà ní láti bá wọn sọ ọ́.

Kí ló wá mú kí àwọn bàbá wa jókòó ọgbọ̀n ọdún sí ojú kan? Àdéhùn ni, jàre. Wọ́n ní bí o bá fara balẹ̀, owó rẹ á máa lé díẹ̀díẹ̀, ipò rẹ á máa ga, bí o bá sì darúgbó, pẹ́ńṣàn ń bẹ. Lébìrà tí wọ́n ń san owó ojúmọ́ fún kò sí nínú àdéhùn yìí. Akọ̀wé tó wà nínú rẹ̀ ni kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yẹ̀.

Nígbà tí àdéhùn náà kò bá sì bọ́ sí i mọ́, àwọn bàbá wa kọ̀. Nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí, owó oṣù dúró lójú kan. Ìjọba lé Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Auchi ní 1943. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí, òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ti yan iṣẹ́ lódì nítorí owó COLA, ó sì lé ní oṣù kan kí ó tó tán. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger. Ogunde fúnra rẹ̀, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó di ọlọ́pàá, ó sì bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí eré. Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde náà ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí kó tó gba ìdí òwò lọ, tó fi dẹni tó ń ṣe táyà. Ta ló pe àwọn yìí ní alárìnkiri? Nígbà tó ti yọrí sí rere, a ní wọ́n láyà.

Ọdún tí n kò lè gbàgbé ni 1975. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, owó Údójì wọlé pẹ̀lú àjẹsílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ra fíríìjì, wọ́n ń ra alùpùpù. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Murtala Mohammed tó gorí oyè ní oṣù keje ti yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000. Ẹlòmíràn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò: "with immediate effect". Olè wà nínú wọn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a rí ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju ọjọ́ orí lọ. Nígbà tí SAP sì dé ní 1986, náírà wó, pẹ́ńṣàn tí wọ́n ti fi owó àtijọ́ ṣírò kò ra nǹkan mọ́. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà nígbà náà rí bàbá wọn lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn onípẹ́ńṣàn wò. Ojú wọn ló ṣe. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i?

Òfin pàápàá ti yí padà. Láti 2004, àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ń dá lóṣooṣù ló ń di pẹ́ńṣàn, orúkọ òṣìṣẹ́ ni àkáǹtì náà sì wà. Bó bá kúrò níbi kan, ó ń gbé e lọ síbòmíràn. Kò sí ohun tó tún so ó mọ́ ọ̀gá kan bíi ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ wa ọjọ́ Iléyá náà kò parí sórí aago yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi kékeré pe ọmọ wọn.

"Ibi tí o ń kúrò yìí, ṣé wọ́n ń san owó pẹ́ńṣàn rẹ síbi tó yẹ?"

"Wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó mi lóṣooṣù, Bàbá."

"N kò ní kí o sọ pé wọ́n ń yọ ọ́. Mo ní ṣé wọ́n ń san án?"

Ọmọ mú fóònù, ó wò ó títí. Oṣù mẹ́jọ ni kò sí níbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n bá òun mú bírò àti pépà wá, kí ó kọ lẹ́tà sí wọn kó tó padà sí Èkó, òun a máa pè é fún un.