Ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú àyẹ̀wò àrùn awọ ara

Ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí jẹ́ irinṣẹ́ tó ń wo egbò, kókó tàbí àbàwọ́n ara, tó sì ń sọ fún dókítà irú àrùn tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Àwòrán tí àwọn dókítà ti kọ orúkọ àrùn sí ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọ.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi àwòrán 129,450 kọ́ ọ̀kan. Kò gbẹ́yìn àwọn oníṣègùn awọ 21 tí wọ́n fi dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa kọ́ àkọ́kùnà. Dókítà sábà ń fi rúlà wọn kókó tó bá kọ ọ́ lóminú kó tó ya àwòrán rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá ń ka rúlà fúnra rẹ̀ sí àmì jẹjẹrẹ.

Lára aláwọ̀ dúdú ni ìṣòro ti le jù, ó sì káni lára. Ìwádìí kan ní 2022 fi hàn pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná, níbi tí ojú kì í tètè dé, ni jẹjẹrẹ melanoma sábà ti ń yọ sí wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú irinṣẹ́ yìí kan tó ń jẹ́ DermaSensor. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sí awọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju méjì lọ: kí dókítà ṣèwádìí sí i, tàbí kó máa ṣọ́ ọ.