Kànga tó ń pọn omi síbẹ̀ ní Àgbádárìgì

Ní Ajah tí mò ń gbé, omi yí wa ká, síbẹ̀ ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra èyí tí à ń lò. Omi kànga ẹ̀rọ wa pọ́n bíi tíì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Àgbádárìgì. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ ní 1845, ọdún tí Ajayi Crowther dé ìlú náà, kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846.

Ilé ti di ohun àwòyanu, àmọ́ kànga inú ọgbà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Amọ̀nà wa fami, mo tọ́ ọ wò: kò níyọ̀ rárá. Ọ̀sà sì rèé níwájú ilé!

Ẹ̀yin ará Lẹ́kkí, ta ló ń tọ́jú omi tiwa?