Twins Seven-Seven: Ta Ni Yóò Kó Iṣẹ́ Ọkùnrin Yìí Jọ?

Bí àgbà ayàwòrán bá kú nílẹ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n sábà máa ń ṣe ìpàtẹ ńlá fún un. Wọn a kó àwòrán rẹ̀, láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ alẹ́, jọ sábẹ́ òrùlé kan. Wọn a tò wọ́n tẹ̀léra, kí ẹni tó bá wọlé lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ayé olóògbé náà já. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ṣebí ère ni àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń gbẹ́ fún un? Wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ẹni tó lọ má baà di ẹni ìgbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìbejì kan ni mo gbé wá lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìbejì yìí dàgbà, ó di ayàwòrán tí ayé mọ̀, ó sì kú ní ọdún 2011.

Ní 1944 ni wọ́n bí Táíwò Ọláníyì ní Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, lẹ́bàá Kàbbà. Àwa tí a wà ní Òjòkú, Ọ̀fà àti Ìlọrin lè pè é ní ọmọ ilé wa, torí pé láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ títí di 1991 tí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, abẹ́ ìjọba kan náà la jọ wà. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, ọmọ mẹ́rìnlá, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni orúkọ Twins Seven-Seven ti jáde.

Ìtàn yìí kọjá ohun tí èèyàn ń fi ṣẹ̀rín. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní Igbó-Ọrà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bíbí, ọ̀tọ̀ ni wíwò dàgbà. Láyé ìgbà náà, ilé mélòó ni kò sin ọmọ? Ẹni tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú tán, tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá yóò dúró, onítọ̀hún yóò ní nǹkan láti sọ.

Ní 1964 ló dé Òṣogbo. Ijó ló ń jó fún olóògùn kan tó ń kiri ìlú, kí èrò lè pé jọ ra oògùn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ijó àti iṣẹ́ àwòrán jìnnà síra! Àmọ́ ní Òṣogbo nígbà náà, Dúró Ládípọ̀, gbajúmọ̀ eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, ti dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ láti 1962. Ọmọkùnrin wa yọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi òwú kọ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Beier ní kó má lọ mọ́. Georgina Beier, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi bí wọ́n ṣe ń yàwòrán han àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà. Wọn kì í ṣe ọmọ yunifásítì: Jímọ̀ Bùráímọ̀, bí àpẹẹrẹ, oníṣẹ́ iná mànàmáná ni fún ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Mùráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti Adébísí Fabùnmi náà wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ Twins fi dá yàtọ̀. Tàdáwà dúdú ló fi ń fa ìlà tín-ín-tín-ín, tí ìlà á bí ìlà, tí kò ní sí àyè òfìfo kankan níbẹ̀. Ẹja, ejò, ẹyẹ, iwin olórí púpọ̀, igi tó lójú, gbogbo wọn á wọnú ara wọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó pílíwúùdù, ó ń lẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì kó tó kùn ún, tí àwòrán fi ń yọ síta bí ère. Àbíkú pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu, ohun tó là kọjá ló ń yà.

Ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1989, àwọn Faransé ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Paris tí wọ́n pè ní Magiciens de la terre, tí àwọn ayàwòrán tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti gbogbo àgbáyé wà níbẹ̀. Òun náà wà lára wọn. Àmọ́ òkìkí kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tó wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó bára rẹ̀ níbi tó ti ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù kan kó tó padà sídìí àwòrán. Ní 2005, UNESCO fi oyè Ayàwòrán Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ó kú ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹni ọdún 67 ni. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni Ulli Beier ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ìlú Sydney.

Wàyí o, ká ní a fẹ́ ṣe ìpàtẹ gbogbo ayé rẹ̀ fún un nílé, ibo la ó ti kó o? Àwọn kan wà ní Washington. Àwọn kan wà ní Iwalewahaus, ilé tí Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì ní 1981. Ọ̀pọ̀ sì wà ní pálọ̀ àwọn olówó tí a kò mọ̀. Mi ò ní pe àwọn òyìnbó ní olè o. Wọ́n ra ọjà, wọ́n sanwó. Nígbà tí Twins ń ta àwòrán láti fi bọ́ ilé, àwa mélòó la rà? Òmíràn nínú wa ní iwin ni, òun ò lè gbé e kọ́ sára ògiri. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ kò lè sọni di ayàwòrán. Ẹni tó mọyì ọjà ló ń gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kíkó wọn padà wá fún oṣù mẹ́ta péré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó ni àwòrán yóò béèrè owó ìmójútó, owó ọkọ̀ òfúrufú, àti ilé tí ooru àti ọ̀rinrin kò ní bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má dúró dìgbà náà. Ẹni tó bá ní àwòrán Òṣogbo kan nílé, kó kọ orúkọ ayàwòrán, ọdún, àti ibi tó ti rà á sẹ́yìn rẹ̀. Kó má gbé e sítòsí fèrèsé tí òjò ń wọlé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbòòrò, kó yá ilé ìpàtẹ lò: Yemisi Shyllon Museum ti wà ní Pan-Atlantic University láti 2019, ilé ìpàtẹ Nike sì wà ní Lẹ́kí, obìnrin tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògìdì.

Àwọn tó bá Twins jókòó ní Mbárí Mbáyọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, físà ni ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Ògìdì yóò máa wá kí wọ́n tó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wọn.