Odò Mono àti Ohùn Olóko

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ọdún 1987 ni iṣẹ́ dídí odò Mono parí ní Nangbéto, ilẹ̀ Tógò, kí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ lè ní iná mànàmáná. Omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní abúlé wọn. Ìjọba ni ó ni ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ nígbà náà: Ehuzu ní Kútọnu, La Nouvelle Marche ní Lomé. Níbo ni olóko ìbá ti sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀? Lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1990, ìwé ìròyìn aládàáni gbilẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Síbẹ̀, èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí a kò bá fi èdè rẹ̀ bi í léèrè, a kò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.